Kòkòrò inú omi táńkì tí a fi ń bomi rin ọgbà: èwo la ó pa, èwo la ó fi sílẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_Ìjàpọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Mo ní táńkì oní-1,000 lítà lẹ́yìnkùlé wa níbí ní Àkúrẹ́. Omi ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ló ń wọ inú rẹ̀ láti orí páànù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kànga bá gbẹ, mo máa ń ra omi tánkà kún un. A kì í mu ún, a kì í fi dáná. Ewédú, tẹ̀tẹ̀, ugu àti ata ni mo fi ń bomi rin. Mo fa rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ìdí táńkì náà, mo sì lu ihò sí i lára kí omi lè máa kán sí ìdí ewébẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń rí oríṣiríṣi nǹkan nínú rẹ̀. Àwọn dúdú kan ń jà pìtìpìtì lójú omi. Àwọn pupa kan tẹ́ẹ́rẹ́ wà nísàlẹ̀. Àwọn funfun kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún káàkiri. Ihò rọ́bà mi náà ń dí ṣáá. Aládùúgbò mi kan ní kí n da DDVP, oògùn apakòkòrò yẹn, sí i, ará ìjọ wa kan ní kẹrosíìnì ni. Ìyá ọkọ mi wo àwọn funfun yẹn, wọ́n ní sọ̀bìà ni, pé kí n da omi náà nù kíákíá. Ọmọ kékeré sì wà nílé. Èwo ló ń ba ewébẹ̀ jẹ́ nínú wọn? Èwo ló lè ṣe ọmọ ní nǹkan? Kí ni mo lè ṣe tí n kò fi ní máa náwó sórí omi ẹ̀fọ́ bí ẹni pé omi mímu ni?

---

Àgbẹ̀_Ẹ̀yìnkùlé

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì da ohunkóhun sí omi yẹn. Kò sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń jẹ ewébẹ̀, kò sì sí èyí tó ń jẹ gbòǹgbò. Bí wọ́n bá bá omi dé orí ilẹ̀, kíkú ni wọ́n máa kú, wọ́n á sì di ajílẹ̀ díẹ̀.

Ẹ bu omi náà sínú ife aláwo, kí ẹ gbé e síbi tí oòrùn wà. Àwọn dúdú tó ń jà yẹn, tanwíji ni wọ́n, ọmọ ẹ̀fọn. Ẹ máa rí i pé orí wọn wà nísàlẹ̀, ìdí wọn ló kan ojú omi, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mí. Ẹ jẹ́ kí òjìji ọwọ́ yín kọjá lórí ife, gbogbo wọn á já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá rí èyí tó nà gbalaja lójú omi, tí kò sorí kọ́, ọmọ ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri nìyẹn. Bí ẹ bá sì rí èyí tí orí rẹ̀ tóbi, tí ara rẹ̀ ká kò, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀fọn. Kì í jẹun mọ́ nígbà yẹn. Ọjọ́ kan sí mẹ́ta péré ló kù kó fò.

Àwọn pupa tó wà nísàlẹ̀, ọmọ kòkòrò kan tó fara jọ ẹ̀fọn ni, ṣùgbọ́n tiẹ̀ kò ní ẹnu tó lè jẹni. Ohun kan náà tó sọ ẹ̀jẹ̀ tiwa di pupa ló sọ òun náà di pupa, ìyẹn ni kò jẹ́ kó kú nínú ẹrẹ̀ tí atẹ́gùn kò tó. Àwọn funfun tó ń ta pọ́n-ún náà, ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lára táńkì ni oúnjẹ wọn. Èmi kì í fọwọ́ kan àwọn méjì wọ̀nyí. Tanwíji nìkan ni kò gbọdọ̀ gbé ilé yín.

---

Nọ́ọ̀sì_Oǹdó

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n Àgbẹ̀ sọ. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ọ̀rọ̀ sọ̀bìà, torí pé ẹ̀rù tó ba màmá yẹn kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Àwọn tó ti pé ọgọ́ta ọdún ní agbègbè wa yìí mọ ohun tí sọ̀bìà fi ojú ènìyàn rí. Àwọn mìíràn kò lè rìn dé oko fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kòkòrò gígùn náà á máa yọ jáde lẹ́sẹ̀, wọ́n á sì máa fi igi pẹlẹbẹ wé e díẹ̀díẹ̀ kó má baà já sínú ara. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka àwọn tó ní i jákèjádò Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1988, wọ́n ju 650,000 lọ.

Òótọ́ ni pé ọ̀kan nínú irú àwọn ẹ̀dá funfun kéékèèké yẹn ló ń gbé ọmọ sọ̀bìà. Ṣùgbọ́n kì í dá a bí fúnra rẹ̀. Ẹni tí sọ̀bìà ń yọ lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ki ẹsẹ̀ bọ inú omi náà, kí ọmọ sọ̀bìà jáde sínú omi, kí ẹ̀dá kékeré yẹn gbé e mì, kí ènìyàn wá mu omi náà láìsẹ́. Ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni tó ní i kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2013, àjọ ìlera àgbáyé fún wa ní ìwé ẹ̀rí pé ó ti kásẹ̀ ńlẹ̀. Omi òjò tó ti orí páànù bọ́ sínú táńkì ní Ìjàpọ̀ yín ní Àkúrẹ́ kò lè ní sọ̀bìà nínú. Ẹ bá mi kí màmá, ẹ sọ fún wọn pé aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi nígbà náà, tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ káàkiri abúlé, iṣẹ́ ńlá ló ṣe.

Tanwíji ni kí ẹ bẹ̀rù. Ibà là ń sọ yìí, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀fọn bá yé ẹyin sí omi títí di ìgbà tí ọmọ rẹ̀ á fò, ó lè má ju ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá lọ ní irú ojú ọjọ́ tiwa.

---

Ọmọ_Òkè_Àró

Kẹrosíìnì ṣiṣẹ́ o, ẹ má pè é ní irọ́. Nígbà tí bàbá mi wà lọ́mọdé, bí wolé-wolé bá wọlé tó rí tanwíji nínú ìkòkò omi, ìtanràn ni. Àwọn wolé-wolé fúnra wọn ló ń da òróró sójú omi gọ́tà. Kí ló dé tí kò fi ní dára nísinsìnyí?

---

Àgbẹ̀_Ẹ̀yìnkùlé

@Ọmọ_Òkè_Àró, irọ́ kọ́. Ó máa ń bo ojú omi, tanwíji kò ní ríbi mí, á sì kú. Ṣùgbọ́n omi gọ́tà ni wọ́n ń dà á sí, wọn kì í da omi gọ́tà sí ìdí ewédú. Kẹrosíìnì tó wà lójú omi á bá rọ́bà lọ sínú ilẹ̀ lọ́jọ́ tí táńkì bá fẹ́ gbẹ, gbòǹgbò kò sì fẹ́ ẹ. Ewé á pọ́n, ilẹ̀ á máa rùn. Ẹ sì máa jẹ ẹ̀fọ́ náà. Òróró mọ́tò tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti DDVP yẹn, mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run. Oògùn apakòkòrò ni, ó ń pa ènìyàn. Torí ìjàm̀bá tó ń ṣẹlẹ̀ ni NAFDAC fi dá títà onígò kékeré 100ml dúró láwọn ọjà ní ọdún 2019. Ẹnìkan á dà á sínú táńkì, ọmọ ọdún mẹ́ta á lọ ṣí ẹ̀rọ, á fi ọwọ́ bu omi mu. Ẹ kò lè sọ fún ọmọ ọdún mẹ́ta pé omi ẹ̀fọ́ ni.

---

Plọ́ḿbà_Ìjòkà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò wò ni mo fẹ́ tọ́ka sí. Ìyá Ìbejì, mo mọ̀ pé táńkì yín ní ìdérí, ẹ sì rò pé ó dé. Ẹ lọ wo páìpù tó ń da omi jáde lókè bí táńkì bá kún. Ihò yẹn kò ní ohunkóhun lẹ́nu, ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ń gbà wọlé. Ẹ tún wo ibi tí páìpù ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ti wọlé. Bí ihò tí wọ́n lu bá tóbi ju páìpù lọ, àlàfo tó yí i ká tó fún ẹ̀fọn. Ìdérí fúnra rẹ̀ máa ń tẹ̀ lábẹ́ oòrùn, ẹ̀gbẹ́ kan á gbé sókè.

Ẹ ra nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé, èyí tí kì í ṣe ti ike tó máa ń gbó, ẹ gé e, ẹ fi wé ẹnu páìpù náà, kí ẹ fi wáyà tàbí kílíìpù dè é le. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ síbi gbogbo tí omi ń gbà wọlé tàbí jáde lókè. Lẹ́nu páìpù ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀, ẹ fi agbọ̀n tàbí asẹ́ tó fẹ̀ síwájú nẹ́ẹ̀tì, torí ewé máńgòrò á dí nẹ́ẹ̀tì nìkan láàárín òjò kan.

Rọ́bà tó ń dí: ibi tí wọ́n ti fa omi ló fà á. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá wà ní ìdí táńkì gan-an, gbogbo ẹrẹ̀ àti àwọn pupa yẹn, pẹ̀lú ilé kéékèèké tí wọ́n fi ẹrẹ̀ kọ́ fún ara wọn, á máa bá omi jáde. Kí wọ́n gbé ẹnu ẹ̀rọ sókè tó ìbú ọwọ́ kan láti ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ mìíràn sí ìdí rẹ̀ gan-an fún ìfọ̀. Kí rọ́bà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi asẹ́ kékeré sí i. Àwọn tó ń ta nǹkan ìbomirin ní ọjà ní èyí tó ṣeé tú, tí a lè fọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa tú òpin rọ́bà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ jẹ́ kí omi yọ́ gbogbo ìdọ̀tí inú rẹ̀ dànù títí tó fi mọ́.

---

Ìyá_Ìbejì_Ìjàpọ̀

Plọ́ḿbà, ọwọ́ yín kò ní rọ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo páìpù òkè yẹn, òótọ́ lẹ sọ, kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀. Òjìji rẹ̀ ni alángbá máa ń sá sí lọ́sàn-án.

Ẹ gbà mí láyè kí n béèrè ọ̀kan sí i. Omi ìfọṣọ oníkílórínnì ńkọ́, èyí tí a fi ń fọ balùwẹ̀? Mo gbọ́ pé wọ́n ń da díẹ̀ sí omi mímu.

---

Nọ́ọ̀sì_Oǹdó

Màmá, ìwọ̀n tí wọ́n ń kán sí omi mímu kì í pa tanwíji, kòkòrò àìfojúrí ló ń pa. Kó tó lè pa tanwíji, ẹ máa dà á pọ̀ débi pé á jó ewé ẹ̀fọ́ yín. Ẹ má fi ṣe.

Àmọ́ ẹ sọ ọ̀rọ̀ alángbá, ẹ jẹ́ kí n mú un, torí pé ó ká mi lára ju àwọn kòkòrò tó ń jà yẹn lọ. Ìgbẹ́ alángbá àti ìgbẹ́ ẹyẹ tó wà lórí páànù, àwọn ló lè gbé kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru wá sínú omi. Kò hàn sójú rárá. Nítorí náà, òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kó fọ orí páànù dànù, ẹ má jẹ́ kó wọ táńkì. Kí omi máa kán sí ìdí ewébẹ̀, kì í ṣe sórí ewé. Ohun tí ẹ sì ń ṣe nìyẹn. Ewédú àti tẹ̀tẹ̀ tí ẹ máa sè, kò léwu. Tòmátì, kùkúńbà àti ewé tí a ń jẹ ní tútù ni kí ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ dáadáa, kí ẹ sì má fi omi táńkì ṣan wọ́n kẹ́yìn.

---

Ẹlẹ́ja_Àrọ̀

Ẹ dákun, kò ì sí ẹni tó mẹ́nu ba ẹja. Tanwíji jẹ́ oúnjẹ fún ẹja kéékèèké. Ẹni tó ní kòtò oníkọnkéré tó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kó lọ ra ọmọ ẹja ẹ̀pìà tàbí àrọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ̀sìn ẹja ní Àkúrẹ́ yìí, wọ́n pọ̀. Wọ́n á jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ìgbẹ́ wọn á sì di ajílẹ̀ nínú omi. Èmi fẹ́ràn àrọ̀ nítorí pé ó lè mí atẹ́gùn òkè, kì í tètè kú bí omi bá dí.

Ìyá Ìbejì, n kò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi sínú táńkì dúdú yín. Omi ibẹ̀ máa ń gbóná jù lọ́sàn-án, ibẹ̀ sì ṣókùnkùn. Kòtò tó ṣí ni mò ń sọ. Ẹni tó bá sì fi ẹja sí omi kò gbọ́dọ̀ da kílórínnì tàbí oògùn kankan sí i mọ́.

Ọmọ lámilámi náà máa ń jẹ tanwíji. Bí ẹ bá rí ẹ̀dá kan tó wúwo, aláwọ̀ ilẹ̀, tó ń rìn jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀ kòtò, tí ẹnu rẹ̀ ń nà jáde lójijì gbá tanwíji mú, òun nìyẹn. Ẹ má pa á.

---

Ọ̀dọ́_Yábà_Oǹdó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ẹ̀yin àgbà. Omi tèmi kì í ṣe ti òjò. Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn ọgbà wa, ibẹ̀ ni mo ti ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì pọn omi sínú dúróòmù fún tẹ̀tẹ̀ àti ata. Ìgbín kéékèèké ló kún etí odò náà, wọ́n ń bá omi dé inú dúróòmù. Ṣé ti wọ́n náà dára kí n fi wọ́n sílẹ̀?

---

Nọ́ọ̀sì_Oǹdó

Rárá o, àbúrò. Ọ̀rọ̀ tìẹ yàtọ̀ pátápátá, inú mi dùn pé o béèrè. Ìgbín odò kéékèèké wà tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, èyí tí ọmọdé fi ń tọ ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe mímu nìkan. Kòkòrò náà máa ń jáde lára ìgbín lọ́sàn-án, á máa lúwẹ̀ẹ́ nínú omi, bó bá rí awọ ara ènìyàn, á wọ ibẹ̀ lọ. Ìwọ kò ní mọ̀. Ní ìpínlẹ̀ wa yìí, àwọn olùwádìí ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Ìpógun lẹ́bàá Àkúrẹ́ àti ní Ilé-Olújì, kì í ṣe àrùn òkèèrè.

Ohun tí mo máa sọ fún ọ bí àbúrò mi gan-an nìyí. Má wọ odò yẹn láìwọ bàtà òjò tó dé orúnkún. Fi okùn so bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí o máa jù ú sí i láti òkè. Bí omi bá dé inú dúróòmù, ṣa gbogbo ìgbín jáde pẹ̀lú asẹ́, má fi ọwọ́ lásán ṣa wọ́n, bò ó, kí o sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko kí o tó fọwọ́ kàn án. Kòkòrò náà kì í lò tó ọjọ́ méjì láàyè bí kò bá rí ara wọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìgbín kan bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀, á máa tú òmíràn jáde ni, ọjọ́ méjì yẹn di asán. Nítorí náà ni dúróòmù méjì fi dára: ò ń lo ọ̀kan, èkejì ń sinmi.

Bí o bá ti ń tọ̀ tí o ń rí ẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń ta ọ́ bí o bá fẹ́ tọ̀ parí, lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ wò. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni wọ́n ń pè é. Má tijú. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin máa ń fi í pamọ́, wọ́n rò pé àìsàn obìnrin ni wọ́n kó.

---

Ọ̀dọ́_Yábà_Oǹdó

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Àbúrò mi ọkùnrin ló sábà máa ń bá mi pọn ọ́n, ẹsẹ̀ lásán ló sì fi ń wọ odò. Màá mú un lọ fún àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ yìí.

---

Àgbẹ̀_Ẹ̀yìnkùlé

Ọlọ́run á ṣe é ní ire. Àbúrò, ìwọ náà ṣe àyẹ̀wò.

Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n padà sí tanwíji tó ti wà nínú omi yín, torí pé nẹ́ẹ̀tì kò ní pa èyí tó ti wọlé. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀, ẹ fi í rin ọgbà tán, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ara táńkì nínú. Má ṣe fi omi ṣan án lásán. Ẹ̀fọn kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ilà funfun, ọ̀sán ló ń jẹni. Kì í yé ẹyin sójú omi, ara ògiri ibi tó tutù lókè omi ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹyin yẹn lè gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù kó má kú. Lọ́jọ́ tí omi bá kàn án, ó pa nìyẹn. Ìdí tí àwọn kan fi ń sọ pé ẹ̀fọn “dá ara rẹ̀ bí” nínú dúróòmù tó ti gbẹ láti ìgbà ọyẹ́ nìyí.

Bí táńkì bá kún tí ẹ kò lè dà á, ẹ máa fi asẹ́ nẹ́ẹ̀tì onígi gígùn kó wọn lójú omi. Ẹ dúró jẹ́ẹ́ kí wọ́n tún léfòó, kí ẹ tó kó o lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kò sí èyí tó máa dàgbà débi tó máa fò.

Ohun kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Bti. Kòkòrò àìfojúrí ni, inú aṣálẹ̀ Nẹ́gẹ́fù ní Ísírẹ́lì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní ọdún 1976. Bí tanwíji bá jẹ ẹ́, ìfun rẹ̀ á bàjẹ́. Kì í ṣe ènìyàn, ẹja, oyin tàbí ewébẹ̀ ní nǹkan. Bí ẹ bá rí èyí tó ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ tẹ̀ lé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í pa àwọn tó ti ká kò yẹn, torí wọn kì í jẹun mọ́. Asẹ́ ni tiwọn.

---

Ìyá_Arúgbó_Aláta

Ẹ̀yin ọmọ mi, ewé dóńgóyárò ńkọ́? Èmi a máa gún un, a máa da omi rẹ̀ sí kẹ́ẹ̀gì tí mo fi ń bu omi sí ata.

---

Àgbẹ̀_Ẹ̀yìnkùlé

Màmá, ẹ kú àgbà. Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, kì í jẹ́ kí tanwíji lè bọ́ awọ láti dàgbà. Ó sì dára fún ata nítorí kòkòrò inú ewé. Àmọ́ kì í pẹ́ lójú oòrùn, agbára rẹ̀ á ti lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ máa lò ó nínú kẹ́ẹ̀gì yín. Nínú táńkì 1,000 lítà, n kò ní gbára lé e.

---

Ọmọ_Òkè_Àró

Mo ti gbọ́ ti kẹrosíìnì, mo gbà. Ìbéèrè mi ni pé táńkì mi jẹ́ aláwọ̀ búlúù tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ inú rẹ̀. Ohun aláwọ̀ ewé ti bò ó nínú, àwọn funfun tó ń ta pọ́n-ún sì pọ̀ jù.

---

Plọ́ḿbà_Ìjòkà

Ìmọ́lẹ̀ ni ẹ kọ́kọ́ dínà fún. Ẹ kùn ún ní dúdú níta, tàbí kí ẹ fi tapólì dúdú wé e, tàbí kí ẹ ṣe àtíbàbà lé e lórí. Bí ohun aláwọ̀ ewé kò bá rí oòrùn, á kú, àwọn tó ń jẹ ẹ́ náà á dínkù fúnra wọn. Ẹ tún wo ìdí rẹ̀ kí òjò ńlá tó dé, bí ẹrẹ̀ bá ti ga, ẹ tú u dà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.